Ta Ló Fún Wọn Láṣẹ Láti Kó Fírísà Yín?

Ìyá wa kan kọ̀wé sí wa láti Èpé. Ẹja ni wọ́n ń tà l'Ọ́jà Olúwo. Wọ́n yá ₦400,000 ní ọ̀kan nínú àwọn báńkì kéékèèké tí aráyé ń pè ní gbọ́múléláńtà, wọ́n sì ń san án lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí iná fi lọ, tí ẹja inú fírísà bà jẹ́. Ó ku ₦230,000. Làwọn ọkùnrin mẹ́ta bá wá, ọ̀kan wọ ṣẹ́ẹ̀tì ọlọ́pàá, wọ́n ní bélífù làwọn, wọ́n sì gbé jẹnẹrétọ̀ wọn lọ. Wọ́n ní bó bá di ìparí oṣù, àwọn á kó fírísà, àti ti àbúrò wọn tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà. Bí àwọn ò bá sì bá ìyá nílé, ọmọbìnrin wọn làwọn á mú lọ sí tẹ́ṣàn. Bàbá àwọn ọmọ ò tíì gbọ́. Ìyá ń bèèrè bóyá wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀, àti bóyá ẹ̀wọ̀n ló kàn.

Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Wọn ò lẹ́tọ̀ọ́ sí ohun tí wọ́n ṣe yẹn. Gbèsè nìkan ò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti kó ẹrù onígbèsè. Akódà kóòtù, ìyẹn bélífù gidi, tó mú ìwé àṣẹ kóòtù dání ló lè ṣe é. Kí ìwé yẹn tó jáde, wọ́n á ti pẹjọ́, wọ́n á ti fún yín ní sámọ́ǹsì, ìyẹn ìwé ìpè sí kóòtù, adájọ́ á sì ti dá a pé kí ẹ san iye báyìí. Kò sí ọ̀kankan nínú rẹ̀ nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ sí wa. Láyé àtijọ́, olówó lè rán ológò lọ dógò ti onígbèsè, kó jókòó sílé rẹ̀, kó máa mú un ládìẹ títí yóò fi san. Ohun táwọn mẹ́ta yẹn wá ṣe nìyẹn, bí wọ́n tilẹ̀ so káàdì mọ́ ọrùn.

Ẹ da ọ̀rọ̀ inú ìwé tí wọ́n fi sílẹ̀ kọ fún wa: orúkọ báńkì lókè, "ìkìlọ̀ ìkẹyìn" gàdàgbà láàárín, òǹtẹ̀ pupa nísàlẹ̀. Lẹ́tà ìsìnwó ni. Ojúlówó ìwé àṣẹ máa ń ní orúkọ kóòtù, nọ́ńbà ẹjọ́, orúkọ olùpẹjọ́ àti orúkọ yín, iye tí adájọ́ ní kí ẹ san, ọjọ́, ìbuwọ́lù àti èdìdì kóòtù. Bí wọ́n bá mú irú rẹ̀ wá, ẹ ya á ní fọ́tò, kí ẹ sì rán ẹnì kan lọ bèèrè nọ́ńbà ẹjọ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ́jísítírà kóòtù tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ má bá wọn wọ̀yá ìjà rárá. Bí akódà gidi bá ni, ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ẹ dí i lọ́wọ́. Bí kì í bá ṣe òun, fọ́tò yẹn ni ẹ̀rí yín. Ohunkóhun tí wọ́n bá gbé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú wọn, kí wọ́n fọwọ́ sí i.

Ní ti ọlọ́pàá, abala 32 nínú Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020 sọ pé wọn ò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí àdéhùn tó yẹ̀ nìkan. Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ náà sọ ọ́ lọ́dún 2018 nínú ẹjọ́ kan tó kan báńkì pé gbígba gbèsè kì í ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá. Mímú ọmọ dípò ìyá sì lòdì sófin. Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan ṣá o: bí òṣìṣẹ́ wọn bá ní kí ẹ kọ ṣẹ́ẹ̀kì ọjọ́ iwájú fún òun, ẹ kọ̀ jálẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀kì tí kò lówó nídìí ti jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn láti ọdún 1977, ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ló wà níbẹ̀.

Ibi tó kàn yìí gan-an ló ń dùn wá, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pàdánù. Báńkì yín lè gba kóòtù májísíréètì lọ, lábẹ́ ètò ẹjọ́ kéékèèké tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ lọ́dún 2018 fún gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ. Wọ́n ṣe ètò náà kí ẹjọ́ lè parí láàárín ọjọ́ 60. Bí sámọ́ǹsì bá dé, ọjọ́ 7 péré lẹ ní láti fèsì. Onígbèsè a sì máa bẹ̀rù, a fi ìwé náà sábẹ́ ibùsùn, a ní òun ò sí nílé. Adájọ́ á dájọ́ lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo èlé àti owó ìtanràn tí olówó bá kọ sílẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó ta kò ó. Ẹ̀yìn ìyẹn ni akódà gidi ń dé. Nítorí náà, ẹ gba sámọ́ǹsì, ẹ lọ. Kò pọn dandan kí ẹ ní lọ́yà. Ẹ jẹ́wọ́ iye tí ẹ jẹ lóòótọ́, ẹ jiyàn èyí tí ẹ ò jẹ, kí ẹ sì ní kí adájọ́ jẹ́ kí ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀.

Kódà lẹ́yìn ìdájọ́, wọn kì í gbé aṣọ tí ẹ ń wọ̀ àti ibùsùn yín. Wọ́n yọ irinṣẹ́ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n iye tí òfin fi sí i ti kéré jù fún ayé ìsinsìnyí, ẹ má gbára lé e pé yóò gba fírísà là. Wọn ò sì gbọdọ̀ lu ẹrù tí wọ́n kó ní gbàǹjo kí ọjọ́ 5 tó pé, àfi ohun tó lè tètè bà jẹ́, ẹja tútù sì wà lára ìyẹn. Ilé tàbí ilẹ̀ dìgbà tí ẹrù ò bá tó, tí kóòtù sì tún fàṣẹ sí i. Ẹ̀wọ̀n wà fún ẹni tí kóòtù bá wádìí tó rí i pé ó lówó, tó sì kọ̀ láti san, kì í ṣe fún ẹni tí kò ní.

Fírísà àbúrò yín kò sí nínú gbèsè yín. Kó wá rìsíìtì rẹ̀ tàbí àlẹ́ẹ̀tì ọjọ́ tó rà á, kó tọ́jú rẹ̀ sí tòsí. Bí akódà bá gbé e, kó tètè kọ̀wé sí kóòtù pé tòun ni.

Ẹ lọ wo ìwé tí ẹ fọwọ́ sí nígbà tí ẹ ń gba owó náà. Bí ẹ bá kọ jẹnẹrétọ̀ tàbí fírísà síbẹ̀ bí ohun ìdúró, ọ̀rọ̀ lè yí padà lórí ẹrù yẹn, nítorí òfin ọdún 2017 kan wà lórí irú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà rí i. Ọ́fíìsì agbẹjọ́rò gbogbogbòò ti ìjọba Èkó kì í gba owó.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ kọ lẹ́tà sí báńkì, kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà tiyín. Ẹ bèèrè àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tí ẹ ti san, owó tí wọ́n yá yín lọ́tọ̀, èlé lọ́tọ̀, ìtanràn lọ́tọ̀. Ẹ bèèrè owó ìfipamọ́ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ yín kí wọ́n tó yá yín. Kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ká ní ₦40,000 ni, ₦190,000 ló ṣẹ́ kù, ₦10,000 lọ́sẹ̀ á sì parí rẹ̀ lọ́sẹ̀ 19. Ẹ má ṣèlérí ju ohun tí ọjà lè gbé lọ nítorí ẹ̀rù. Àkáǹtì báńkì ni kí ẹ máa san án sí, kì í ṣe ti òṣìṣẹ́ wọn. Nínú lẹ́tà náà, ẹ ní kí wọ́n dá jẹnẹrétọ̀ padà. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ gba Citizens' Mediation Centre lọ, ibi tí ìjọba Èkó ti ń bá ará ìlú parí aáwọ̀, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n á pè wọ́n wá sórí tábìlì.

Ẹ sọ fún bàbá kó tó di ìparí oṣù. A mọ̀ pé ó nira, ṣùgbọ́n ẹrù tiwọn náà wà nínú ilé yẹn, àwọn nìkan ló sì mọ ibi tí rìsíìtì wọn wà.