Báńkì ni màmá mi ń wò, eré ni èmi fẹ́ máa kọ

Ọmọ Òṣogbo, mo ti ka lẹ́tà rẹ. O ní ọdún kan ló kù kí o parí ẹ̀kọ́ ìṣirò owó, pé báńkì ni màmá rẹ ń wò, ṣùgbọ́n eré àgbéléwò ni ìwọ fẹ́ máa kọ, kí o sì máa darí. Ọ̀gá kan wá ní kí o mú ₦150,000 wá, kí o sì kó ìwé eré rẹ fún òun, òun á sọ ẹ́ di dáírẹ́tọ̀.

Ti ọ̀gá yẹn ni kí n kọ́kọ́ mú. Má fún un ní kọ́bọ̀. Kò sọ ohun tó fẹ́ kọ́ ẹ, kò sọ iye oṣù. Ìwé eré rẹ ló ń wá. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti ọdún 2022, ohun tí o bá ti kọ sílẹ̀, tìrẹ ni. Fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ímeèlì ara rẹ kí ọjọ́ rẹ̀ lè hàn.

Ní ti màmá, n kò ní bá ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí o fi ilé ìwé sílẹ̀ o. Jade Osiberu tó kọ fíìmù Isoken, tó sì darí rẹ̀ ní 2017, ìmọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ló kà ní Manchester. Kemi Adetiba tó darí fíìmù King of Boys, iṣẹ́ rédíò ló ti ṣe rí. Àti pé ẹni tó mọ owó í ṣírò, wọ́n ń wá irú wọn ní lokéṣọ̀n, ibi tí wọ́n ti ń ya eré.

Ìwé eré rẹ ló ká mi lára jù. Ojú ìwé 140! Ojú ìwé kan máa ń tó ìṣẹ́jú kan nínú fíìmù. Ta ló máa náwó sí wákàtí méjì àti ogún ìṣẹ́jú fún ẹni tí wọn ò mọ̀ rí? Kọ òmíì: ojú ìwé mẹ́jọ, èèyàn méjì, yàrá kan, ojúmọmọ, kí o má baà ra epo jẹnẹrétọ̀. Fóònù rẹ tó láti fi yà á. Kí o sì dín ẹjọ́ kù lẹ́nu wọn. Ìyàwó inú eré rẹ ń sọ pé "inú ń bí mi gan-an". Jẹ́ kó gbé oúnjẹ ọkọ padà sí kíṣìnì láìsọ̀rọ̀, a máa mọ̀.

Nígbà ìsinmi, wá iṣẹ́ kọntiniúìtì. Ẹni tó ń ṣọ́ bóyá gèlè àárọ̀ ló ṣì wà lórí òṣèré nírọ̀lẹ́, ẹ̀gbẹ́ dáírẹ́tọ̀ ló ń jókòó sí. Tí wọ́n bá ní ẹ máa sùn síbẹ̀, mọ yàrá rẹ àti ẹni tí ẹ jọ máa wà níbẹ̀ kí o tó gbé báàgì, kí o sì fún màmá ní àdírẹ́sì òtẹ́ẹ̀lì náà.