Ṣé kí n ta ilẹ̀ láti fi san owó ìwé àṣẹ iṣẹ́?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, Amòfin. Òṣogbo níbí ni mò ń gbé, ní Ìgbóná. Tíṣà ni mí ní ilé-ìwé aládàáni, NCE Ìṣirò ni mo ní. Wẹ́dà ni ọkọ mi, Old Garage ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ajẹ́ǹtì kan tí ọ́fíìsì rẹ̀ kò jìnnà sí Ọláìyá ní òun á bá mi gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní Ìlú Ọba, ₦4,500,000 ló pè é. Ó ní gbogbo wa la jọ ń lọ, tìbejì-tìbejì. A ti ń wá ẹni tó máa ra ilẹ̀ wa tó wà lọ́nà Ìlobù. Ó ti di ọdún kejì tí èmi fúnra mi ti ń kọ̀wé wá iṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Kí ló dé tó fi le tó báyìí? Ṣé ká san owó náà?

Ìyá Ìbejì, Ìgbóná

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ má san án.

Ọ̀rọ̀ méjì ni ajẹ́ǹtì yín sọ tí òfin Ìlú Ọba ti já kulẹ̀. Láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹta 2024, ẹni tó bá gba físà iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó kò lè mú ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́. Nígbà tó wá di ọjọ́ 22 oṣù Keje 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn iṣẹ́ náà pa mọ́ ẹni tó bá ń ti òkèèrè bọ̀. Àwọn tó ti wà lọ́hùn-ún tẹ́lẹ̀ nìkan ni wọ́n ṣì fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún. Ẹni tó bá ń ta iṣẹ́ yìí fún ará Òṣogbo lónìí, yálà kò mọ òfin, tàbí ó mọ̀ ọ́n, ó kàn fẹ́ gbowó yín ni. Kò sí èyí tó yẹ kí ẹ kó owó ilẹ̀ fún nínú méjèèjì.

Ẹ bi mí pé kí ló dé tó fi le. Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ wa lọ́nà ni pé a ń fojú páàsípọ́ọ̀tù wo ìwé àṣẹ iṣẹ́: a rò pé èèyàn á lọ sí ọ́fíìsì, á ya fọ́tò, á sanwó, á gbà á. Ọwọ́ agbanisíṣẹ́ ni ìwé yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní Ìlú Ọba, ilé-iṣẹ́ kankan kò lè gba àjèjì bíi tiwa síṣẹ́ láìkọ́kọ́ gba láísẹ́ńsì lọ́wọ́ Home Office, ìyẹn ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ físà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó lè fún èèyàn ní Certificate of Sponsorship, tí gbogbo ayé ń pè ní CoS. CoS kì í ṣe bébà rárá. Nọ́ńbà ni, inú kọ̀ǹpútà ìjọba ló wà, pẹ̀lú orúkọ yín, iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe àti owó oṣù yín. Tí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí ẹ kò tíì fi béèrè físà, ó ti kú nìyẹn.

Ẹ wá fi ara yín sípò ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà. Tó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá, owó orí tó máa san fún ìjọba lórí yín lé ní £1,000 lọ́dún kan, òfin sì kà á léèwọ̀ pé kó gbà á padà lọ́wọ́ yín. Iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí ẹni tó gba dìgírì ń ṣe, yàtọ̀ sí díẹ̀ tí wọ́n yọ sọ́tọ̀. Owó ọdún rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó £41,700, àfi àwọn iṣẹ́ bíi tíṣà àti nọ́ọ̀sì tó ní òṣùwọ̀n tiwọn. Bẹ́ẹ̀, ẹnì kan wà ní àdúgbò rẹ̀ lọ́hùn-ún tó lè wọṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, tí kò ní ná an ní kọ́bọ̀ lórí físà. Ìdí tí wọn kò fi dá yín lóhùn nìyí. Kì í ṣe pé lẹ́tà yín kò dáa. Púpọ̀ nínú àwọn tí ẹ kọ̀wé sí lè má ní láísẹ́ńsì rárá, wọn kò sì lè gbà yín bí wọ́n tilẹ̀ fẹ́ràn yín. Orúkọ gbogbo àwọn tó ní in wà lórí gov.uk, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn yẹn nìkan ni kí ẹ máa kọ̀wé sí.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra, nítorí àwọn oníjìbìtì náà ń ka àkójọ yẹn. Bàbá kan mú bébà kan wá bá mi, òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀, orúkọ ilé-iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ sì wà nínú àkójọ lóòótọ́. A wá nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ náà fúnra wa, a kò lo èyí tó wà lórí bébà. Wọ́n ní àwọn kò gbọ́ orúkọ bàbá náà rí. Bẹ́ẹ̀, ó ti ta ilé rẹ̀ ní Dada Estate. Bó ṣe jókòó síwájú mi tí kò lè sọ̀rọ̀ kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Àwọn mìíràn bọ́ sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ní láísẹ́ńsì gidi, tó ń ta CoS lábẹ́lẹ̀: wọ́n débẹ̀, wọn kò bá iṣẹ́ kankan, ìjọba gba láísẹ́ńsì náà, wọ́n sì fún wọn ní 60 ọjọ́ láti wá agbanisíṣẹ́ mìíràn tàbí kí wọ́n padà sílé. Ẹni tí wọ́n bá sì ká ayédèrú ìwé mọ́ lọ́wọ́ lè má rí físà gbà fún ọdún 10.

Ti Kánádà kò yàtọ̀ púpọ̀. Ìwé LMIA tí wọ́n ń tà kiri, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi ń gba agbanisíṣẹ́ láyè láti gba àjèjì síṣẹ́, agbanisíṣẹ́ ló ń san $1,000 owó Kánádà lórí rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ gbà á lọ́wọ́ òṣìṣẹ́.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti sọ fún ọkọ yín pé Jámánì ń wá wẹ́dà. Wọ́n ń wá wọn lóòótọ́. Láti oṣù Kẹfà 2024 ni Jámánì ti ní ìwé kan, Chancenkarte, tí èèyàn lè fi wọlé lọ wáṣẹ́ láìtíì ní agbanisíṣẹ́. Ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ ni pé ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí wọ́n ń béèrè gbọ́dọ̀ tó ọdún méjì, kí ìjọba orílẹ̀-èdè tó ti kọ́ ọ sì fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ọkọ yín lè ti fi ọdún mẹ́rin kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá, kí wọ́n ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún un, kí wọ́n pa màlúù. Wọn kò mọ ìyẹn lọ́hùn-ún. Ó dùn mí láti sọ ọ́, nítorí àwọn tó mọṣẹ́ jù ní ìlú yìí, abẹ́ ọ̀gá ni wọ́n ti kọ́ ọ. Yàtọ̀ sí èyí, wọ́n máa fẹ́ rí owó tí á máa fi jẹun fún ọdún kan: ní 2025, €1,091 lóṣù ni.

Ẹ̀yin fúnra yín ni mo rí ọ̀nà fún. Láti oṣù Kejì 2023, tíṣà tó bá kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Nàìjíríà lè béèrè fún QTS, ìyẹn ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ti England, tó bá jẹ́ pé ìṣirò, sáyẹ́ǹsì tàbí èdè òkèèrè ló ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún 11 sí 16. Ìṣirò lẹ kọ́! Ohun tó kù ni dìgírì, nítorí NCE nìkan kò tó. Ẹ lè fi NCE yín wọ yunifásítì láti kílàásì ọdún kejì, Yunifásítì Iléṣà kò sì jìnnà sí yín. Kí ẹ wá wá ààyè sí ilé-ìwé girama, torí tí ó bá jẹ́ àwọn ọmọ pírámárì lẹ ń kọ́, kò bá ohun tí wọ́n ń fẹ́ mu. QTS kì í ṣe físà o. Ẹ ṣì máa wá ilé-ìwé tó ní láísẹ́ńsì. Yóò gba ọdún mélòó kan, n kò ní tàn yín jẹ. Ṣùgbọ́n dìgírì náà á wúlò fún yín ní Òṣogbo níbí bí ẹ kò bá tilẹ̀ lọ.

Tí ẹ bá ti san àsansílẹ̀ fún ajẹ́ǹtì náà, ẹ kó rìsíìtì, àkọsílẹ̀ báǹkì àti gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ lórí WhatsApp jọ, ẹ má pa ọ̀kankan rẹ́, kí ẹ kó wọn lọ bá EFCC ní Ìbàdàn. Tí ẹ kò bá tíì san, ẹ ní kó fi láísẹ́ńsì tí Ilé-iṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ fún Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́ fún un hàn yín, kó sì dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ gbà yín. Bó bá ní ẹ máa sanwó kí òun tó dárúkọ, ẹ dìde níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣe èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí, ẹ pe alágbàtà ilẹ̀ ọ̀nà Ìlobù yẹn lónìí, kó dá oníbàárà tó ń mú bọ̀ dúró.