Ìdí Tí Àwọn Ọlọ́gbọ́n Fi Ń Ṣìpinnu Nígbà Tí Wọ́n Bá Péjọ

ÌBÉÈRÈ: Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án kan. Kò sí ẹni tí kò gbọ́n nínú wa, síbẹ̀ a sábà máa ń fẹnu kò sórí ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa yóò kábàámọ̀ lẹ́yìn ìpàdé. Kí ló ń fà á, kí sì ni a lè ṣe?

ÌDÁHÙN: Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ni pé, ta ló máa ń sọ̀rọ̀ ṣáájú? Bí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tẹ̀wọ̀n bá ti lanu, ẹni tí èrò rẹ̀ yàtọ̀ yóò máa rò ó pé bóyá nǹkan kan wà tí òun kò mọ̀, yóò sì gbé tirẹ̀ mì. Nínú ìwádìí tí Solomon Asch, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1951, ó ní kí àwọn ènìyàn tọ́ka sí èyí tó gùn tó ìlà kan nínú ìlà mẹ́ta mìíràn, iṣẹ́ tí kò le rárá. Ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí ẹnì kan ṣoṣo, gbogbo àwọn tó wà níjókòó ló ti bá a ṣàdéhùn láti mú èyí tí kò tọ̀nà. Nígbà tí wọ́n bá ti jọ ṣì í mú, nǹkan bí ìdáhùn kan nínú mẹ́ta tí ẹni yìí fọ̀ ló bá àṣìṣe wọn lọ, bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ ń rí òtítọ́. Níbi tí Asch ti fi ẹyọ ẹnì kan tó ń sọ òótọ́ sáàárín wọn, àtẹ̀lé náà dín kù gan-an. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù kọ èrò rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ sí ìwé pélébé, kí ẹ gbà á, kí ẹ kà á jáde láìdárúkọ, kí alága sì sọ tirẹ̀ kẹ́yìn. Ìdí abájọ rẹ̀ ṣe pàtàkì ju iye ẹni tó gbà lọ, nítorí pé bí gbogbo yín bá jọ ṣìnà, kíka ìbò kò lè tún un ṣe.

Àléébù kejì fara sin ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn olùwádìí méjì, Garold Stasser àti William Titus, fi hàn ní ọdún 1985 pé ohun tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ìgbìmọ̀ sábà máa ń jíròrò lé lórí, tí ohun tí ẹnì kan ṣoṣo mọ̀ yóò sì wà nínú rẹ̀ títí ìpàdé yóò fi parí. Ẹ bi ọmọ ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan léèrè pé, “Kí ni ẹ mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí tí àwa yòókù kò mọ̀?” kí ẹ sì fara balẹ̀ gbọ́ èsì rẹ̀ kí ẹ tó bọ́ sórí ìpinnu.

Àwọn alága kan máa ń ka èyí sí àìbọ̀wọ̀ fúnni. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, ọwọ́ yín kúkú ni ìwé ìpè sí ìpàdé wà: ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí olúkúlùkù fi èrò rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín ní ọjọ́ tó ṣáájú.