Ọkọ mi ní ká fi ilé Mọ́níyà sórúkọ àbúrò òun

“Àǹtí, Houston ni èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ń gbé. Ọkọ̀ ẹrù tó ń wà ti dẹnu kọlẹ̀, gbèsè káàdì wa ti di $86,000, orúkọ àwa méjèèjì ló sì wà níbẹ̀. Lọ́yà ní ká jọ fáìlì bankruptcy, Chapter 7, ìyẹn ni pé kóòtù á pa gbèsè wa rẹ́, àmọ́ wọ́n lè ta ohun ìní wa tí òfin kò bò láti fi san án. Ọkọ mi ní ká kọ́kọ́ yí ìwé ilé wa ní Mọ́níyà, n’Ìbàdàn, tí a ò tíì kan páànù sí, sórúkọ àbúrò òun. Ilé tí à ń gbé níbí lè tà tó $260,000, mortgage, ìyẹn owó báńkì tí a fi rà á, tó kù jẹ́ $220,000. Ṣé wọn ò ní gbà á? Góòlù mi ńkọ́? – Ìyá Ìbejì.”

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìfaradà. Ẹ má jẹ́ kí Bàbá Ìbejì yí ìwé kankan o. Fọ́ọ̀mù tí ẹ máa kún, ẹ máa búra sí i. Gbogbo ohun tí ẹ ní ló ń béèrè, ibi yòówù kó wà láyé, àtohun tí ẹ gbé fún ẹlòmíràn láàárín ọdún méjì sẹ́yìn. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi nǹkan pamọ́ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún, kóòtù sì lè ní òun ò pa gbèsè rẹ̀ rẹ́ mọ́. Ó sì dá mi lójú pé fọ́tò ọjọ́ tí ẹ ṣe ìpìlẹ̀ ilé náà ṣì wà lórí Facebook ẹnì kan nínú ẹbí.

Èyí tó tiẹ̀ ká mi lára ni pé ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ilé náà rárá.

Ní Texas, àtòjọ méjì ló wà fún ohun tí òfin ní kí wọ́n fi sílẹ̀ fún onígbèsè: ti ìpínlẹ̀ àti ti ìjọba àpapọ̀. Ọ̀kan náà ni tọkọtaya tó bá jọ fáìlì gbọ́dọ̀ mú. Ti Texas ni wọ́n sábà máa ń yìn: ó bo ilé tí ẹ ń gbé láàárín ìlú, iye yòówù kó tà, bí ilẹ̀ rẹ̀ kò bá ju éékà mẹ́wàá lọ, tó sì ti ju ọjọ́ 1,215 lọ tí ẹ ti rà á. Ó tún bo $100,000 ẹrù fún ìdílé, mọ́tò àti góòlù wà nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò mọ Mọ́níyà rí, torí ẹ ò gbé ibẹ̀.

Ti ìjọba àpapọ̀ ni kí ẹ gbé yẹ̀ wò. Níbẹ̀, ọkọ ní tirẹ̀, ìyàwó ní tirẹ̀: $31,575 lórí ilé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, láti oṣù Kẹrin ọdún 2025. Nínú ilé Houston, $40,000 péré ló jẹ́ tiyín, $20,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. $11,575 ṣẹ́ kù fún kálukú. Òfin gbà kí ẹ fi ìyókù yìí, bí kò bá ti ju $15,800 lọ, bo ohunkóhun tó wù yín, pẹ̀lú $1,675 lórí ẹ̀. Ìyẹn $13,250 fún ẹnì kan, $26,500 fún ẹ̀yin méjèèjì. Ilé tí kò ní páànù ní Mọ́níyà, ṣé ó lè tà tóyẹn? Ẹ wá ẹni tó mọ ọjà ilẹ̀ ibẹ̀ kó kọ ọ́ sílẹ̀. Iye tó lè tà báyìí ni wọ́n ń wò, kì í ṣe iye tí ẹ ti ná.

Ó wá ku góòlù yín. $2,125 ni fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àtòjọ yìí, àmọ́ góòlù ti gbówó lórí, ẹ lọ wọ̀n ọ́n. Ohun tó bá lé, ẹ lè mú un lára $26,500 yẹn. Aṣọ òkè àti léèsì yín ò wọ ẹnikẹ́ni lójú. Tí ẹ bá ń dá àjọ tí kò tíì kàn yín, ẹ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pẹ̀lú.

Ẹ má gbàgbé mortgage o. Ohun tí òfin fi sílẹ̀ fún yín kò lé báńkì lọ. Tí ẹ ò bá san án, wọ́n á gba ilé wọn.

Ẹ ní kí lọ́yà ṣe ìṣirò àtòjọ méjèèjì lójú ẹ̀yin méjèèjì, kí Bàbá Ìbejì lè fojú ara rẹ̀ rí i. Bó bá sì ti bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ ìwé ilé, kó pè é padà lálẹ́ òní.