Èsì: Ṣé ẹni tí wọ́n tì mọ́ Guantánamo, ẹ̀wọ̀n ológun Amẹ́ríkà ní Kúbà, lè dé iwájú adájọ́?

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n, ó lè débẹ̀. Lakhdar Boumediene, ọmọ Algeria, ló jà á dórí. Ilé ẹjọ́ Bosnia ti ní kí wọ́n tú u sílẹ̀ ní January 2002 torí kò sí ẹ̀rí, síbẹ̀ wọ́n fà á lé Amẹ́ríkà lọ́wọ́, wọ́n sì gbé e lọ sí Guantánamo. Ìjọba Bush, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, ní ilẹ̀ Kúbà ni Guantánamo, pé àjèjì tó wà níbẹ̀ ò lè pẹjọ́ lábẹ́ òfin àwọn. Ní June 2008, adájọ́ 5 nínú 9 ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ Amẹ́ríkà kọ ọ̀rọ̀ ìjọba yìí jálẹ̀: Amẹ́ríkà ló ń pàṣẹ níbẹ̀, nítorí náà wọ́n lè pẹjọ́. Ní November, adájọ́ tó yẹ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan Boumediene wò rí i pé ọ̀rọ̀ ẹnìkan ṣoṣo tí wọn ò dárúkọ ni wọ́n gbára lé, ló bá ní kí wọ́n dá a sílẹ̀. Ọdún méje ti lọ! Inú ń bí mi tí mo bá rántí. May 2009 ló tó dé Faransé.