Ẹ má tíì sọ pé abúlé yẹn run

Ẹ̀gbọ́n, mo rí ìbéèrè yín. Ẹ ní abúlé Bulgaria tí ẹ ń tọpa rẹ̀ ní hane (ẹyọ tí wọ́n fi ń ka ìdílé fún owó orí) tó lé ní 40 nínú ìwé owó orí ìjọba Ottoman, ìyẹn ìjọba Tọ́kì àtijọ́, ti nǹkan bí ọdún 1570, ṣùgbọ́n 9 péré ló kù ní nǹkan bí ọdún 1640. Ẹ wá ń bèèrè bóyá àjàkálẹ̀ àrùn ló pa wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sin òkú kankan.

Èmi náà ti kó sí ọ̀fìn yẹn. Nígbà tí mo ń kàwé oyè kejì ní Istanbul, abúlé kékeré kan lórí òkè Makedóníà ni mo mú. Oṣù méje ni mo fi kọ̀wé nípa bó ṣe pa run, tàrùn togun, láìsùn. (Siyakat, irú ìkọ̀wé ìwé owó Ottoman tí wọn kì í fi àmì tóótòó sí lára lẹ́tà, nìkan ti tó í fọ́ni lójú.) Olùkọ́ wa kà á tán, ó ní, "Hane wo lo kà?" Ẹnu mi wọhò.

Nínú ìwé tahrir ti àtijọ́, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ń ka àwọn tó ń san owó orí, hane jẹ́ ìdílé gidi. Orúkọ baálé kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀, àwọn àpọ́n àti àwọn opó náà wà níbẹ̀. Baálé tó jẹ́ Kristẹni ń san owó orí tí wọ́n ń pè ní ispence, akçe (owó fàdákà Ottoman) 25. Opó ń san 6. Ömer Lütfi Barkan, onímọ̀ ìtàn ará Tọ́kì, máa ń sọ hane di ìlọ́po 5 kó lè fojú díwọ̀n iye ènìyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí avarız, owó àfikún tí ìjọba ń gbà, gbòde ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ìdílé bíi 3 títí dé 15 ni wọ́n ń dì pọ̀ tí wọ́n ń pè ní hane kan, bí agbára wọn bá ṣe mọ. Hane 9 yín lè jẹ́ ìdílé 27, ó sì lè ju 100 lọ.

Èyí tó tilẹ̀ burú jù ni ti abúlé derbendci, àwọn tó ń ṣọ́ ojú ọ̀nà àárín òkè. Torí iṣẹ́ yẹn, ìjọba kì í sábà gba avarız lọ́wọ́ wọn, nítorí náà abúlé odindi lè má sí nínú ìwé avarız, kí àwọn ará ibẹ̀ sì máa roko wọn lọ.

Ìwé cizye, ìyẹn ìwé owó orí àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí, ló yọ mí. Lẹ́yìn àtúntò ọdún 1691, orí ọkùnrin kọ̀ọ̀kan tí kì í ṣe Mùsùlùmí ni wọ́n ń gba owó náà lé. Ibẹ̀ ni mo ti bá àwọn Stojan àti Petko abúlé mi, gbogbo wọn pé síbẹ̀. Mo sunkún.

Ẹ ya àwòrán ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé 1640 yẹn síbí, ká jọ wò ó bóyá avarız ni wọ́n kọ sórí rẹ̀.