Ṣé dandan ni bátìrì ńlá àti ṣájà ńlá fún ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ oníná?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹnjiníà. Mo fẹ́ fi ọkọ̀ epo mi sílẹ̀, kí n ra àlòkù ọkọ̀ oníná. Àtilọ àtàbọ̀ ibi iṣẹ́ mi kò ju kìlómítà 40 lọ lójúmọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni mo máa ń lọ sí ìrìn àjò tó tó kìlómítà 200. Ẹni tó fẹ́ ta ọkọ̀ fún mi sọ pé àfi kí n ra èyí tí bátìrì rẹ̀ tóbi jù, kí n sì ra ṣájà ńlá tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri, pé bí bẹ́ẹ̀ kọ́ màá kábàámọ̀. Apá mi ò ká owó méjèèjì. Ṣé òótọ́ ló ń sọ?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó. Pẹ̀lú irú ìrìn tí ẹ ń rìn, ohun tó sọ yẹn kì í ṣe dandan. Kíkan ṣájà mọ́ ògiri wà lára iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹ, síbẹ̀ mi ò ní gbà kí ẹ ra ohun tí ẹ kò ní lò.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ ná. Yúníìtì iná tí mítà ilé yín ń kà, òun náà ni wọ́n ń kọ ní kWh sára bátìrì ọkọ̀. Bí wọ́n bá ní bátìrì kan jẹ́ 40 kWh, tánkì tó ń gba yúníìtì 40 ni. Ọkọ̀ oníná tí kò tóbi jù máa ń jẹ nǹkan bíi yúníìtì 15 sí 20 ní kìlómítà 100. Bí a bá mú un ní 17, kìlómítà 40 yín lóòjọ́ kò ní jẹ ju yúníìtì 7 lọ. Iná díẹ̀ máa ń ṣòfò kó tó ti ara sọ́kẹ́ẹ̀tì dé inú bátìrì, nítorí náà ẹ ka á sí 8 lórí mítà.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán tó ń gbé fóltì 230, bí ọkọ̀ bá fa áńpù 10 níbẹ̀, yóò gbé yúníìtì 2.3 wọlé ní wákàtí kan. Wákàtí mẹ́ta àbọ̀ ti tó láti dá ohun tí ẹ lò ní gbogbo ọjọ́ náà padà. Kódà níbi tí iná ilé ti jẹ́ fóltì 120, tí áńpù 12 ń wọlé, kò ní tó wákàtí mẹ́fà. Ẹ sì máa sùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí ni pé ìdúró ọkọ̀ pọ̀ ju ìrìn rẹ̀ lọ. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń sùn sílé lálaalẹ́ kò nílò kí iná sáré wọ inú rẹ̀.

Àṣírí kan tún wà tí àwọn tó ń tà á kì í sọ. Àpótí tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri yẹn kì í ṣe ṣájà gan-an. Ó ń ṣọ́ iná ni, ó ń ṣí i, ó ń tì í, ó sì ń sọ iye tí ọkọ̀ lè fà. Inú ọkọ̀ ni ṣájà tòótọ́ wà, òun ló ń yí iná ilé padà sí irú iná tí bátìrì ń gbà. Iye tí ṣájà inú ọkọ̀ bá lè gbà, kò sí ohun tí ẹ kàn mọ́ ògiri tó lè fi kún un. Àwọn ọkọ̀ oníná Nissan Leaf tó kọ́kọ́ jáde ní 2010 àti 2011, 3.3 kW péré, ìyẹn yúníìtì 3.3 ní wákàtí kan, ni tiwọn ń gbà. Ẹni tó bá kan àpótí 7.4 kW mọ́ ògiri nítorí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, bí ẹni tó ń fi garawa da omi sínú ìgò ọlọ́rùn tín-ín-rín ni. Àwọn tí àpótí ògiri wúlò fún ni ẹni tó ń rìn ju kìlómítà 120 lọ lójúmọ́, ilé tó ní ọkọ̀ oníná méjì, àti ẹni tí wákàtí tí owó iná fi ń wálẹ̀ ládùúgbò rẹ̀ kò pọ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí owó yín lọ ni wáyà. Lórí èyí, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe ṣahun. Áyọ́ọ̀nù tàbí kẹ́túlù máa ń fa iná púpọ̀, àmọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ọkọ̀ yóò fa á fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìsinmi, nígbà tí gbogbo ilé ti sùn. Wọ́n pè mí sí ilé kan rí tí wọ́n ti ń fi ẹsiténṣọ̀n ṣájì ọkọ̀, wáyà rẹ̀ sì wà ní kíká síbẹ̀. Ooru kò rí ibi gbà jáde, ni rọ́bà ara wáyà bá yọ́ mọ́ra wọn. Bí kì í bá ṣe pé ọmọ ilé náà gbóòórùn rẹ̀ ní òru, mi ò fẹ́ ronú ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ fa wáyà ọ̀tọ̀ láti ibi bọ́ọ̀dù iná wá síbi tí ọkọ̀ ń sùn, kó ní bẹ́rẹ́kà tirẹ̀, kó ní ẹ̀rọ tó ń já iná bí iná bá ń jò sára èèyàn, kí wáyà tó wọlẹ̀ sì wà níbẹ̀ ní tòótọ́. Kó fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n lójú yín. Wáyà 2.5 mm² ni ìwọ̀n tó kéré jù fún sọ́kẹ́ẹ̀tì yìí. Bí ẹ bá rò pé ẹ lè kan àpótí ògiri lọ́jọ́ iwájú, ẹ kúkú fa 6 mm² lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí èyí tó nípọn jù ú bí ọ̀nà bá jìn, torí títú ògiri lẹ́ẹ̀mejì ló ń gbówó lórí. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ fọwọ́ kan pílọ́ọ̀gì. Bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò burú. Bó bá gbóná débi tí ọwọ́ ò gbà á, ẹ pa á.

Ní ti owó iná, ẹ bi ilé-iṣẹ́ iná yín bóyá owó òru yàtọ̀ sí ti ọ̀sán. Bó bá yàtọ̀, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oníná ni ẹ lè yan aago tí ṣájì máa bẹ̀rẹ̀ fún. Ẹ̀yin tí ẹ ní páńẹ́lì oòrùn, ọ̀sán ni tiyín, kí ẹ sì dín áńpù kù kó má ju ohun tí oòrùn ń mú wá lọ. Ṣájà ayára ẹ̀bá títì sábà máa ń wọ́n ju iná ilé lọ, torí náà ìrìn àjò ni kí ẹ fi í sí.

Ó wá ku ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Nítorí kìlómítà 200 yẹn, bátìrì tó wà láyìíká 50 kWh ló máa bá yín mu. Lórí eré títì, ó lè jẹ yúníìtì 20 ní kìlómítà 100, èyí tó túmọ̀ sí 40, ẹ ṣì máa ní díẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ má ṣe gba iye kìlómítà tí wọ́n kọ sínú ìpolówó gbọ́ tán; ẹ yọ ìdá márùn-ún rẹ̀ kan kúrò. Òtútù máa ń dín in kù sí i.

Níwọ̀n bó ti jẹ́ àlòkù, ìlera bátìrì ló ṣe pàtàkì ju ọ̀dà ara ọkọ̀ lọ. Ooru ni ọ̀tá rẹ̀. Leaf tí mo dárúkọ kò ní omi tó ń tu bátìrì lára, ní 2012 sì ni àwọn onímọ́tò ní Arizona ní Amẹ́ríkà, níbi tí oòrùn ti ń jó bí iná, bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé ìlà tó ń fi agbára bátìrì hàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù ń pòórá. Bí ibi tí ẹ ń gbé bá gbóná, èyí tí omi ń tu bátìrì rẹ̀ lára ni kí ẹ wá. Kí mẹkáníìkì ki ẹ̀rọ bọ ihò abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, kó ka iye agbára tó kù fún yín. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló ń ṣe onígbọ̀wọ́ bátìrì fún ọdún 8 tàbí kìlómítà 160,000. Ẹ béèrè bóyá ìgbọ̀wọ́ náà bá ọkọ̀ dé ọwọ́ ẹni tó rà á ní àlòkù.

Ẹ tún béèrè irú bátìrì tó jẹ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní LFP máa ń fara da kíkún dáadáa, àwọn tó ṣe é sì sábà máa ń ní kí ẹ kún un pátápátá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní NMC, ẹ dá a dúró ní ìdá 80 nínú 100 lójoojúmọ́, ọjọ́ ìrìn àjò nìkan ni kí ẹ kún un. Kí ẹ tún wo ẹnu ihò ṣájì rẹ̀. CCS, CHAdeMO àti GB/T, tí wọ́n jẹ́ irú ẹnu ṣájà ayára, kì í wọ inú ara wọn, bí ẹnu ọkọ̀ yín kò bá sì bá ti ṣájà ojú ọ̀nà mu, ìrìn àjò oṣooṣù yẹn yóò nira.

Bí ẹni tó ń tà á bá gbà, ẹ gbé ọkọ̀ náà sun ilé yín ní òru ọjọ́ kan kí ẹ tó san owó. Ẹ kún un, kí ẹ wà á fún kìlómítà 40 tí ẹ máa ń rìn, ẹ pa àwọn nǹkan míì tó ń jẹ iná nínú ilé, ẹ ka mítà, ẹ tún kún un padà, ẹ ka mítà lẹ́ẹ̀kan sí i láàárọ̀. Bí ó bá ju yúníìtì 10 lọ dáadáa, ẹ má tíì sanwó. Ẹ kọ iye tí ẹ rí ránṣẹ́ sí mi, màá bá yín wò ó.